Jíà Ọkọ̀ Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ Kò Bàjẹ́, Èmi Ni Mo Ní Kó Pààrọ̀ Rẹ̀!

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ojú ewé yìí, níbi tí àwọn èèyàn ti ń sọ ohun tí ojú wọn rí. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ló sábà máa ń kọ̀wé. Ẹni tó rẹ́ni jẹ kì í kọ. Ó dáa, èmi rèé, mo kọ ọ́.

Mẹkáníìkì ni mí, Ìbàdàn níbí ni mo ti ń ṣe é. Ọdún 1983 ni bàbá mi fà mí lé ọ̀gá lọ́wọ́. 504 àti ìjàpá ló gbòde nígbà náà, torí láti 1975 ni wọ́n ti ń to 504 pọ̀ ní Kàdúná, tí wọ́n sì ń to ìjàpá pọ̀ l'Ékòó. Jíà ọlọ́wọ́ ló wà nínú wọn. Bí jíà bá ń ké, a ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a ó tú u, a ó rí eyín tó kán, a ó fi han ẹni tó ni mọ́tò. Kò sí àríyànjiyàn. Ohun tó bàjẹ́ á wà lórí pákó, gbogbo ayé á máa wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ mi ṣe mọ́ iṣẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ tí jíà rẹ̀ ń pààrọ̀ ara rẹ̀ fi wá pọ̀ nílẹ̀, èyí tí a ń pè ní jíà ọ́tò, èmi ti di ọ̀gá, mo ti dá ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin sílẹ̀. Ta ni mo tún fẹ́ lọ bá pé kó kọ́ mi? Etí ni mo fi gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀, ojú ni mo fi jí ìyókù.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ (bí a ti ń pè é nìyẹn, ẹ má bi mí ní orúkọ rẹ̀ gan-an) ti jẹ́ oníbàárà mi fún bí ọdún mẹ́jọ. Ọjà Bódìjà ló ti ń ta èlùbọ́. Ṣakí ló ti ń lọ kó o, á gba Ọ̀yọ́, á gba Ìsẹ́yìn, ọ̀nà yẹn náà ni yóò sì gbà padà. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ń wa mọ́tò fún un, mọ́tò onísítì méje kan báyìí, tókúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti yọ àga ẹ̀yìn rẹ̀ kí àpò lè wọlé. Mọ́tò yẹn ni oko rẹ̀. Bí kò bá rìn lọ́sẹ̀ kan, kò sí ọjà lọ́sẹ̀ náà.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ni ọmọ náà gbé e dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ní iná D ń ṣẹ́jú níwájú òun, iná ẹ́ńjìnnì náà tàn, ọkọ̀ kò fẹ́ kúrò nínú jíà kan, bó bá sì máa kúrò, á fò gìdì bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí wọ́n fi pàṣán nà. Ó ní nígbà míì, á kàn tún dáa fúnra rẹ̀, pàápàá lójú títì tó tẹ́jú. Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn o: lójú títì tó tẹ́jú. Ọmọ náà sọ ọ́ fún mi ní kedere. N kò fi ṣe nǹkan kan.

Mo pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń gbé ẹ̀rọ sikáànì kiri. ₦3,000 ló gbà. Ó ki ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, ó kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan: P0847. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ èyí tí ẹ̀rọ sọ lédè Òyìnbó: "Transmission Fluid Pressure Sensor/Switch B Circuit Low". Ó gba owó rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ wò mí, èmi tó ka ìwé mẹ́fà. Mo rí "Transmission", jíà nìyẹn. Mo rí "Pressure", mo rí "Low". Mo ní ó tán! Agbára jíà ti lọ sílẹ̀, jíà ti kú. N kò fa géèjì ọ́ìlì rẹ̀ yọ wò. N kò wọ abẹ́ ọkọ̀. Orí bẹ́ńṣì tí mo jókòó sí ni mo ti dájọ́ ikú fún jíà olójíà.

Nígbà tó di ọ̀sán, Ìyá fúnra rẹ̀ dé. Mo ṣàlàyé fún un. Ó wo mọ́tò, ó wò mí, ó ní:

"Bàbá, ṣé kò sí nǹkan kékeré tí a lè kọ́kọ́ wò ná?"

Ẹ gbọ́ èsì tí mo fún un: "Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni? Ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀. Jíà ni."

Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé èló ni. Mo ní ₦170,000 fún jíà tókúnbọ̀, ₦25,000 fún owó iṣẹ́, ọ́ìlì dúró lọ́tọ̀. Ó fi ìborùn rẹ̀ nu ojú. Àjọ ló ń dá pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́lùbọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì tíì kàn án láti kó. Ó lọ bẹ ẹni tó kàn pé kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ kó tòun. Owó tó fẹ́ fi san owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Pólì ni. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni mo tó gbọ́ èyí.

Mo gba Ládìpò lọ l'Ékòó. ₦155,000 ni mo ra jíà náà, ₦15,000 tó kù wọ àpò mi. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má bínú pé mo tú u síta, ṣebí a mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń ṣe. Jíà tí a sọ̀ kalẹ̀ ńkọ́? Mo sọ fún Ìyá pé ó ti di irin lásán, kó fi sílẹ̀ fún mi. Ẹni tó ń ra jíà àlòkù wá, ó yí i, ó da ọ́ìlì rẹ̀ sọ́wọ́ wò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì ka ₦40,000 lé mi lọ́wọ́ láìjanpata. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń fi ₦40,000 ra irin lásán? Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti mọ̀ pé jíà tó wà láàyè ni mo ń tà. Mo ka owó mi, mo lọ jẹ àmàlà. Àmàlà o! Ẹ kúkú mọ ohun tí wọ́n fi ń ro ó.

Mọ́tò jáde. Iná D kò ṣẹ́jú mọ́, jíà ń wọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìyá gbàdúrà fún mi, ó fi kóńgò èlùbọ́ kan ránṣẹ́ sí ìyàwó mi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi jẹ́ akọni.

Ní ọjọ́ kẹwàá, bí aago mẹ́jọ alẹ́, ọmọ rẹ̀ pè mí láàárín Ìsẹ́yìn sí Ọ̀yọ́. Iná D ti tún ń ṣẹ́jú. Òjò ń bọ̀, àpò èlùbọ́ mẹ́wàá ló wà lẹ́yìn ọkọ̀, Ìyá wà níwájú. Jíà kan ṣoṣo ni wọ́n fi wọ́ ọ bọ̀, ó kọjá ọ̀gànjọ́ kí wọ́n tó wọlé. Ẹ mọ bí ọ̀nà oko ṣe rí lóru. Èmi kò sùn títí wọ́n fi dé. Kì í ṣe ìfẹ́ ni kò jẹ́ kí n sùn o, ẹ̀rù ni.

Nígbà tó wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti múra ìjà sílẹ̀. Kò jà. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì mi, ó ní: "Bàbá, èyí tí a rà yìí náà ló tún kú ni?"

Ìbéèrè yẹn ká mi lára ju èébú lọ. A tún pe ọmọ onísikáànì. ₦3,000 mìíràn. P0847, òun náà ni. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi nígbà yẹn ni pé ará Ládìpò ló ta jíà burúkú fún wa. Mo ti fẹ́ẹ́ sọ ọ́ tán nígbà tí ọmọ kan kọjá wá láti òdìkejì.

Rewáyà ni ọmọ náà, kò lè ju ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi. N kì í kà á sí. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé mọ́tò lọ sí ọgbà mẹkáníìkì mọ ohun tí mò ń sọ. Mẹkáníìkì á ní wáyà ni, rewáyà á ní ẹ́ńjìnnì ni, owó olówó ni wọ́n jọ ń ná láàárín. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá, ó kí mi, ó wá ní:

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, sẹ́ńsọ̀ ara jíà àkọ́kọ́ lẹ yọ sára èkejì ni?"

Mo ní rárá, èyí tó bá jíà wá láti Ládìpò náà ló wà lára rẹ̀.

Ó ní: "Sẹ́ńsọ̀ méjì tí wọn ò rí ara wọn rí ló wá ń pa irọ́ kan náà?"

Ẹnu mi wọhò. Ìyá tí kò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò mi orí. Ó ti yé e kó tó yé mi.

Ọmọ náà jókòó, ó ṣàlàyé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bó ṣe sọ ọ́ fún wa, nítorí bí èèyàn bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó ṣòro kí wọ́n tó tún fi rẹ́ ẹ jẹ. Nínú jíà ọ́tò, ọ́ìlì ló ń ṣe iṣẹ́ tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ dírẹ́bà ń ṣe nínú jíà ọlọ́wọ́. Pọ́ǹpù kan á máa ti ọ́ìlì yìí pẹ̀lú agbára, ọ́ìlì á lọ tẹ kílọ́ọ̀ṣì pọ̀ nínú ilé jíà. Ọ̀tọ̀ ni kílọ́ọ̀ṣì tó wà fún jíà yìí, ọ̀tọ̀ ni ti tọ̀hún. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀, tí àwa ń pè ní brain box, ló ń pàṣẹ ibi tí ọ́ìlì máa gbà. Ṣùgbọ́n kò ní ojú tó lè fi wo inú jíà. Sẹ́ńsọ̀ kékeré kan, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ, tí wọ́n dè mọ́ ara jíà, ló ń jíṣẹ́ fún un pé ọ́ìlì ti dé tàbí kò tíì dé.

Nínú irú ọkọ̀ Ìyá, sẹ́ńsọ̀ yìí kò yàtọ̀ sí súìsì iná ilé. Kọ̀ǹpútà á rán iná kékeré gba inú wáyà kan lọ bá a. Fóòtì 5 ni iná náà, bátìrì ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sì jẹ́ fóòtì 12, kí ẹ lè mọ bó ti kéré tó. Bí ọ́ìlì kò bá tíì dé ibi kílọ́ọ̀ṣì, súìsì ṣí sílẹ̀, fóòtì 5 á dúró sínú wáyà. Bí ọ́ìlì bá dé, á tẹ súìsì pa dé, iná á gba ara irin jíà lọ, fóòtì á di òdo. Kọ̀ǹpútà á ní, ẹn-ẹ́n, ọ́ìlì ti dé. Ohun tó mọ̀ ọ́n kà kò ju ìyẹn lọ: márùn-ún tàbí òdo.

Wàyí o, "Low" tí ẹ̀rọ kọ, kì í ṣe ọ́ìlì ló lọ sílẹ̀, kì í ṣe agbára jíà ló lọ sílẹ̀. Fóòtì inú wáyà ló wà ní òdo nígbà tó yẹ kó wà ní márùn-ún. Kọ̀ǹpútà rí i pé wọ́n ní ọ́ìlì ti dé, nígbà tí òun kò tíì rán an níṣẹ́. Ọ̀rọ̀ dà rú mọ́ ọn lójú, ló bá mú jíà kan dání, tó ń mú iná ṣẹ́jú. "Circuit" tí mo fò kọjá nígbà tí mò ń kà á, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ wáyà ni ẹ̀rọ ń sọ, èmi gbọ́ jíà.

Ó tún ka nọ́ńbà náà fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní álífábẹ́ẹ̀tì. P dúró fún ẹ́ńjìnnì àti jíà. Òdo tó tẹ̀ lé e sọ pé kóòdù tí gbogbo ilé iṣẹ́ ọkọ̀ jọ ń lò ni. Mẹ́jọ tọ́ka sí ìdí jíà. Mẹ́rin àti méje ló wá sọ sẹ́ńsọ̀ tó jẹ́ àti ohun tó ń ṣe wáyà rẹ̀. Láti 1996 ni ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń tà l'Ámẹ́ríkà ti gbọ́dọ̀ máa ní sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò 16 tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ yẹn bọ̀, ìdí nìyẹn tó fi wà nínú tókúnbọ̀ tó ń ti ibẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló ti wà láyé, mò ń gba owó lé e lórí, n kò sì mọ̀ ọ́n kà!

Ó wá ní kí a jẹ́ kí mítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní bí sẹ́ńsọ̀ ló bá lẹ̀ pọ̀ nínú, tí a bá yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò lẹ́nu rẹ̀, fóòtì 5 máa padà sẹ́nu wáyà. Bí kò bá padà, a jẹ́ pé wáyà ti ń fara kan irin níbì kan lójú ọ̀nà, kó tó dé ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ rárá. (Brain box náà lè bàjẹ́, ṣùgbọ́n ó ní ìyẹn ṣọ̀wọ́n, ẹ̀yìn pátápátá ni òun fi máa ń sí.) Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tan kọ́kọ́rọ́ láìta ẹ́ńjìnnì, ó yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́ mítà, Ìyá náà bẹ̀rẹ̀. Òdo.

Ó na ọwọ́ sókè, ó gbọn ìdìpọ̀ wáyà. Márùn-ún! Ó tún gbọ̀n ọ́n. Òdo. Márùn-ún. Òdo.

Kò sọ nǹkan kan. Ó jáde, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń fi ọwọ́ tọ ìdìpọ̀ wáyà náà lẹ́yìn títí ó fi dé abẹ́ bátìrì. Ó yọ bátìrì kúrò. Ẹ ò ní gbà gbọ́: ìtẹ́ eku ni! Èkísà, ọ̀rá, ìgbẹ́ eku, pẹ̀lú gbòdògì èlùbọ́ mélòó kan tí wọ́n kó pa mọ́. Eku ló ń tọ oúnjẹ wá síbi tí ọkọ̀ ń sùn, ẹ́ńjìnnì tó móoru sì dùn ún sùn tì. Wáyà mẹ́ta ni wọ́n ti jẹ èèpo rẹ̀ kúrò, ọ̀kan nínú wọn wà ní ìhòòhò, ó ń fara kan irin ara ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò, á kàn án. Bó bá dé ojú títì tó tẹ́jú, á fi í sílẹ̀.

Àbí ẹ ò rí nǹkan? Ohun tí ọmọ náà sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an nìyẹn. Ohun tó jẹ́ kí mọ́tò dáa fún ọjọ́ mẹ́sàn-án náà wá yé mi. Nígbà tí à ń sọ jíà kalẹ̀, a fa ìdìpọ̀ wáyà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kúrò lára irin. A yọ orí bátìrì pẹ̀lú, iná tó ń ṣẹ́jú pa. Mo rò pé jíà ló wò ó sàn. Kòtò ọ̀nà oko ló gbọ̀n ọ́n padà sáyè rẹ̀.

Ọmọ náà fi lẹ́ẹ̀dì jo wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó wé wọn, ó so wọ́n jìnnà sí irin. Kò tó wákàtí kan. ₦4,000 ló gbà.

Kí ẹ má ṣì mí gbọ́ o, jíà máa ń bàjẹ́. Bí ẹ bá tẹ iná tí ẹ́ńjìnnì ń hó ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ kò sáré tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ jíà lè wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fa géèjì jíà tí ọ́ìlì tó yẹ kó pupa ti dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, tàbí tí irin wẹ́wẹ́ ń dán nínú rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó. Ọ́ìlì lè ti jò tán náà ni. Ọkọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ kí ẹ tó wo géèjì rẹ̀, òmíràn wà tó jẹ́ pé ẹ máa kọ́kọ́ pa á, ìwé tó bá ọkọ̀ wá ló ń sọ ọ́. Àwọn kan kò tilẹ̀ ní géèjì. Bí iyèméjì bá ṣì kù, ihò kékeré kan wà lára ọ̀pọ̀ jíà tí wọ́n fi bóòtù dí, ibẹ̀ ni wọ́n ń so géèjì tó ń wọn agbára ọ́ìlì mọ́, irin ló máa wọ̀n ọ́n, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Ìgbà tí ìyẹn bá fi hàn pé agbára kò sí ni kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ jíà fún yín. Sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ náà máa ń kú. Lọ́dún 2021 tí mò ń sọ yìí, ₦12,000 kò ní kó má rà á. Ẹ fi wé ₦170,000.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ mi. Ìyá ti gbé mọ́tò lọ lọ́jọ́ náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yẹn, kò bá mi sọ nǹkan kan. Mo délé, oúnjẹ kò lọ. Mo rò ó fún ìyàwó mi, ata ló ń tà. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní: "Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ṣe é fún ńkọ́?" Ó yí ojú sí ògiri, ó sùn.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ bá Ìyá ní Bódìjà. Kóńgò ló ń wọ̀n fún oníbàárà. Mo dọ̀bálẹ̀, èmi àgbà, láàárín ọjà. Ó ní kí n dìde, kí n má kó ìtìjú bá òun. Mo sọ pé jíà rẹ̀ àkọ́kọ́ kò ní nǹkan kan tó ṣe é. Kò dá òṣùwọ̀n dúró. Ó wọn ti oníbàárà tán, ó fi ènì sí i, ó gba owó, ó fún un ní ṣéńjì. Ó wá ní:

"Jíà tèmi dáa?"

"Ó dáa, mà."

"Ibo ló wà?"

"Mo ti tà á, mà."

"Èló?"

Mo sọ ọ́. Mo sọ ti ₦15,000 tó wọ àpò mi ní Ládìpò pẹ̀lú, torí ẹni tó bá ti ṣí ẹnu dé ibẹ̀ kò lè tún pa á dé. Ó da aṣọ bo èlùbọ́ rẹ̀, ó jókòó, ó ń ṣe ìṣirò pẹ̀lú ìka. Ó ní òun kò ní gba èyí tó wọ àpò ará Ládìpò lọ́wọ́ mi, òun fúnra òun ló ní kí n lọ rà á. Èyí tó wọ àpò mi ni òun fẹ́. ₦40,000, ₦15,000, ₦25,000 owó iṣẹ́. ₦80,000. Mo ní mi ò ní i pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ₦5,000 lọ́sẹ̀ ni kí n máa mú wá, kí n máa mú un wá fúnra mi, kí n má fi ọmọ iṣẹ́ rán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni mo fi rìn ín, láàárín àwọn ẹlẹ́lùbọ́ tí gbogbo wọn ti mọ ohun tí mo wá ṣe.

Ohun tí n kò lè dá padà ni ti ọmọ obìnrin yẹn. Wọn kò rí owó ilé ìwé rẹ̀ san kó tó di ìdánwò, kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é. Mo pàdé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ lọ́sẹ̀ kẹta, ó ń bá a yọ́ èlùbọ́. Ó kí mi dáadáa. N kò mọ ibi tí mo máa gbé ojú sí.

Lẹ́yìn tí mo san tán, ó gbé mọ́tò kúrò lọ́wọ́ mi. Ó lé ní ọdún kan tí n kò rí i.

Ọdún 2023 ni mo kàn rí mọ́tò náà tó wọ ọgbà. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ bọ́ọ́lẹ̀. Ó ti ní kí wọ́n fi sikáànì wò ó níbòmíràn, ó mú ìwé pélébé dání. Kò nà án sí mi. Ó kà á: "P, òdo, mẹ́jọ, mẹ́rin, méjì. Bàbá, kí lẹ ó kọ́kọ́ wò?"

"Géèjì ọ́ìlì, mà. Lẹ́yìn náà, wáyà."

Ó fa bẹ́ńṣì, ó jókòó. Ọmọ rewáyà ti ń mú mítà rẹ̀ bọ̀ láti òdìkejì, n kò ì tíì pè é. A yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, fóòtì 5 padà wá, a gbọn wáyà títí, kò mì. Sẹ́ńsọ̀ ni lọ́jọ́ náà. Ìyá ní òun á lọ rà á fúnra òun, kí n jókòó. Ó rà á dé, a dè é, iná pa, ó ní kí ọmọ òun wà á gba ibi tí kòtò wà lọ, kó wà á bọ̀, kó tó sanwó. Ó ka owó iṣẹ́ fún mi, kò yọ kọ́bọ̀. Sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ tí a yọ, tó ti kú pátápátá, ó nù ún, ó dì í sínú ọ̀rá, ó mú un lọ sílé.